Bí bọ́ọ̀lù ńlá ṣe ń jókòó sínú àpótí géèmù

Ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà ní káfé Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́ yóò rántí máòsì tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà níkùn, tí ìdọ̀tí máa ń dí títí tí kò fi ní gbọ́ràn mọ́. Bí a bá yí irú máòsì bẹ́ẹ̀ padà, tí ikùn rẹ̀ kọjú sókè, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì tóbi tó ọsàn, ohun tí wọ́n ń pè ní trackball nìyẹn. Ní 1946 ni Ralph Benjamin ti ronú rẹ̀ fún ẹ̀rọ rédà àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Atari fi máa gbé géèmù Missile Command jáde ní 1980, àwọn èèyàn ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kiri nílé géèmù. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ńlá fẹ̀ ní ínǹṣì 3, bíi mìlímítà 76.

Nínú ilé rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà kò kan ìsàlẹ̀. Orí nǹkan mẹ́ta ló jókòó lé, bí ìkòkò lórí ààrò: ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń yí, àti bíárìn kan tó kàn ń gbé e ró. Ọ̀pá méjèèjì dábùú ara wọn. Ọ̀kan ń mọ ìgbà tí ọwọ́ lọ sí òsì tàbí ọ̀tún, èkejì ń mọ lílọ síwájú àti bíbọ̀ sẹ́yìn. Ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní wíìlì kékeré tí wọ́n dá ihò sí yí ká, iná tí ojú èèyàn kì í rí sì ń gba àwọn ihò náà kọjá sára ohun méjì tó ń ṣọ́ ọ. Bí wíìlì ṣe ń yí ni iná ń ṣẹ́jú. Iye ìgbà tó ṣẹ́jú ló ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe rìn jìnnà tó. Èyí tó kọ́kọ́ rí iná nínú àwọn méjèèjì ló ń sọ ọ̀nà tó gbà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àyà já ẹnikẹ́ni bí ọwọ́ bá lọ sọ́tùn-ún tí géèmù lọ sósì. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Wáyà àmì méjì ti ọ̀pá yẹn ni kí a fi gba ipò ara wọn.

Bí a bá fẹ́ fi bọ́ọ̀lù yìí sínú àpótí géèmù onípákó, ihò orí pákó ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù. Ó rọrùn láti rò pé bọ́ọ̀lù mìlímítà 76 ń fẹ́ ihò tó fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ ló ti ń wọlé, orí rẹ̀ nìkan ló sì ń yọ. Bí mìlímítà 25 bá yọ sókè, fífẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti bá ojú pákó dọ́gba kò ju bíi 71 lọ. Ihò 74 ti tó: àlàfo tó lé díẹ̀ ní mìlímítà kan ló kù yí ká, ìka ọmọdé kò ní há, bọ́ọ̀lù náà kò sì lè fò jáde. Wàhálà rẹ̀ ni pé pákó MDF, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí àwọn káfíńtà ń lò sábà máa ń nípọn tó 18. Bí ihò tóóró bẹ́ẹ̀ bá la pákó yẹn kọjá tààrà, yóò pàdé ìbàdí bọ́ọ̀lù, ibi tó ti fẹ̀ jù, yóò sì há. Bí a bá wá fẹ̀ ẹ́ sí 78 kó lè gbà, àlàfo tó ju mìlímítà 3 ló máa là sílẹ̀ lókè, tí eruku, èèpo ẹ̀pà àti èékánná á máa wọ̀.

Irin pẹlẹbẹ ló ń yanjú rẹ̀. Wẹ́dà tó mọwọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lè gé irin mìlímítà kan ààbọ̀, kó sì dá ihò tóóró náà sí i. Pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ á wá ní ihò onígun mẹ́rin tó gba gbogbo ilé bọ́ọ̀lù náà. Kí irin má bàa máa kọ́ àtẹ́lẹwọ́, a ó gbẹ́ ojú pákó wọlé ní ìwọ̀n bí irin ṣe nípọn, kó lè tẹ́jú. Gbígbẹ́ yìí ló yẹ kó ṣáájú lílu ihò ńlá, torí ẹ̀rọ ìgbẹ́ pákó ń fẹ́ ibi tí yóò fìdí lé. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ kì í fi agbára ti ọ̀bẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ká ṣe é.

Bóòtì àti nọ́ọ̀tì tó la pákó já ni kó dè é mú, kì í ṣe ìṣó onírin lílọ́, nítorí MDF kì í di ìṣó mú pẹ́ bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́. Iwájú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣófo dáadáa, kí ọwọ́ tó ń sáré má lọ gbá bọ́tìnnì.

Òjò àti ọyẹ́ ń dá sí i. Etí tí a gé lára MDF ń mu omi, á sì wú sókè lábẹ́ irin, torí náà a gbọ́dọ̀ fi fáníìṣì kun inú ihò náà pẹ̀lú. Lásìkò ọyẹ́, ara gbígbẹ àti aṣọ ọ̀rá lè ta iná pẹ́ẹ́ sára irin, ó sì lè dé inú pátákó wáyà. Wáyà kan láti ara irin náà sí éàtì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wọ inú ilẹ̀, ni ààbò rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú ihò mẹ́ta lára ògiri kò sọ pé éàtì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí oníná wò ó.

Lẹ́yìn tí a bá ti dè é tán, a ó fi ìka kan gbá bọ́ọ̀lù náà ká sì fi sílẹ̀. Ó yẹ kó máa yí fúngbà díẹ̀, kó tó rọra dúró. Bó bá dúró lójijì, irin ń kàn án níbì kan, tàbí nọ́ọ̀tì kan le jù. Ká tú u díẹ̀, ká tún gbá a.