Ibi tí owó ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀káwéè ti ń wá

Bí bíríkìlà bá ń gbẹ́ sọ̀káwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà wọlẹ̀, ní Kàbà tàbí Ọ̀gìdì ní ìpínlẹ̀ Kogi, kì í pẹ́ tí dígà fi ń kan àpáta. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Onílé á ní kó dúró síbi tó dé, wọ́n á da kọnkéré bò ó, omi ìdọ̀tí ò ní ríbi wọlẹ̀. Bójò bá dé, á tú síta, tàbí kó gba ibi tí àpáta ti sán lọ bá kànga aládùúgbò.

Ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀káwéè wà kí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Ihò kékeré ni wọ́n ń gbẹ́. Wọ́n á pọnmi kún un títí ilẹ̀ á fi mu àmuyó, wọ́n á tún bu òmíràn sí i, wọ́n á ti igi tí wọ́n fàlà sí bọ̀ ọ́, wọ́n á wá máa wo aago. Bí omi bá ṣe yára lọ sílẹ̀ sí ni wọ́n fi ń mọ bí sọ̀káwéè ṣe máa fẹ̀ tó. Níbi tí àpáta bá ti sún mọ́ òkè jù, wọ́n lè kó iyanrìn jọ bí ebè ńlá sórí ilẹ̀, kí omi tó ti inú táǹkì ìgbẹ́ jáde gba inú rẹ̀ sẹ́.

Ẹnu lásán ò lè kọ́ni nírú èyí. Ó ń fẹ́ àgbàlá, táǹkì tí wọ́n là láàárín kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i bí ìgbẹ́ ṣe ń rọ̀ sísàlẹ̀ tí ọ̀rá ń léfòó, àti olùkọ́ tó ti gbẹ́ kòtò rí.

Ìwé òfin 1999 kó ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀. Nínú owó àpò àpapọ̀, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774. Àpò tí ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ní ni wọ́n ti ń gba owó náà kọjá, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní July 11, 2024 pé kó máa lọ tààrà. Kọ́ńsílọ̀ márààrún ilẹ̀ Okun (Kàbà/Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà méjèèjì àti Mopa-Muro) lè dawó jọ fún irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ó ṣòro kí ọ̀kan dá a gbé.

Owó ti ìpínlẹ̀ ń gba inú ìṣúná. Iléeṣẹ́ ìjọba á kọ iye tó ń fẹ́, gómìnà á gbé e lọ sílé aṣòfin ní Lọ́kọ́ja, wọ́n á fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, owó tó wà lórí ìwé kò tíì dọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi tú u sílẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ni ibùdó ìkọ́ṣẹ́ náà wà, ọ̀nà TETFund ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú, owó tí wọ́n ń bù lára èrè àwọn iléeṣẹ́.

Owó ìkọ́lé ni gbogbo ènìyàn ń lé, torí òun ni wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù sí. Owó olùkọ́, ti dísù àti ti ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn irú ibùdó bẹ́ẹ̀ pa. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Yunifásítì Rhode Island ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ri táǹkì mọ́lẹ̀ láìní láísẹ́ǹsì, ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi í wọ́n. Bí wọn ò bá ní buwọ́ lu pílánù ilé lọ́dọ̀ wa láìsí ìwé ẹ̀rí ẹni tó dán ilẹ̀ wò, bíríkìlà á wá ìwé yẹn lọ, owó tó bá san ni ibùdó á máa jẹ. Ọmọṣẹ́ tí kò bá rówó san, kí kọ́ńsílọ̀ rẹ̀ san tirẹ̀.