0.9 tó wà lára ọ̀rá omi

Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn tí wọ́n ń fa omi sí lára á ti rí i lára ọ̀rá náà: 0.9%. Gíráàmù iyọ̀ 9 nínú omi lítà kan. Ẹ̀jẹ̀ gan-an ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ní 1832, nígbà tí onígbáméjì ń jà ní Skọ́tlándì, Dókítà Thomas Latta da omi iyọ̀ sínú iṣan ìyá àgbàlagbà kan ní Leith. Ojú ìyá là, ó tún sọ̀rọ̀ ketekete. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ náà padà dé, ìyá sì kú. Latta ò ní òṣùwọ̀n. Iyọ̀ omi rẹ̀ kò tó ti ẹ̀jẹ̀.

Ara ewé ni òṣùwọ̀n ti wá. Hugo de Vries, onímọ̀ nípa ewéko ní Amsterdam, ń rẹ awọ ewé sínú omi iyọ̀ àti ti ṣúgà, ó ń wo bí inú sẹ́ẹ̀lì ṣe ń sún kì. Omi méjì tí agbára wọn láti fa omi bá dọ́gba ló pè ní isotonic.

Hartog Jakob Hamburger, ará Nẹ́dálándì kan náà, gbé ọgbọ́n yìí dé ìdí ẹ̀jẹ̀ ní Utrecht láwọn ọdún 1880. Ó po omi iyọ̀ lóríṣiríṣi, ó ń dín iyọ̀ wọn kù díẹ̀díẹ̀, ó sì kán ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí iyọ̀ ti tó, sẹ́ẹ̀lì á silẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, omi òkè á mọ́ kedere. Níbi tí kò ti tó, omi á wọnú sẹ́ẹ̀lì, á wú, á bẹ́, gbogbo rẹ̀ á wá pọ́n bíi sóbò. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì lágídí, kì í tètè bẹ́. Ìyẹn ni Hamburger fi tún ń bu omi lásán la omi ara ẹ̀jẹ̀, tó ń wo ìgbà tí àwọ̀ máa yọ, kó tó fi ti iyọ̀ wé e. 0.9 ló bá níbẹ̀, kì í ṣe 0.6 tó bá àkèré mu tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, ìṣirò wá rọrùn ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń dì ní nǹkan bíi −0.52°C, oògùn olómi tó bá dì síbẹ̀, wọ́n gbà pé agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀jẹ̀, ó yege nìyẹn. Boric acid 1.9%, oògùn ìfọjú, yege. Ó bá ojú mu dáadáa. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ó di sóbò! Boric acid fúnra rẹ̀ ló ń wọnú sẹ́ẹ̀lì, tí omi sì ń tẹ̀ lé e.

Ní Yunifásítì Florida, láàárín àwọn ọdún 1940 sí 1950, William J. Husa àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tún kó oògùn padà sídìí ẹ̀jẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò kàn fojú wo pípọ́n mọ́: wọ́n ń wọn iye sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ nínú 100, nínú ẹ̀jẹ̀ ehoro àti ti ènìyàn.