Ìbò àfọwọ́kọ ni ká máa pè é

Ẹ̀yin tó ń túmọ̀ ìròyìn ìdìbò Amẹ́ríkà, mo bẹ̀ yín, ẹ yé pe write-in, ìyẹn ìbò tí olùdìbò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tí wọn kò tẹ̀ sórí ìwé ìdìbò, ní "ìbò ìkọ̀wé-wọlé". Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tó bá wọlé ìbò ti borí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn báyìí ló ń fìdí rẹmi. "Ìkọ̀wé" náà tún ń múni rántí ẹni tó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gba òun síṣẹ́. "Àfikún orúkọ" kò dára tó, torí ó dà bíi pé àjọ ìdìbò ló fi orúkọ kún orúkọ. Èyí tó burú jù ni "olùdíje olómìnira", nítorí irọ́ ni. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lè gba ìbuwọ́lùwé jọ, kí wọ́n sì tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ìdìbò bíi ti ẹlẹ́gbẹ́. Ẹni tí à ń sọ níbí, wọn kò tẹ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀ rárá.

Ìbò àfọwọ́kọ ni mo ń pè é, mi ò sì ní yẹsẹ̀. Àwọn kan ní ìwé tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde ni àfọwọ́kọ. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn! Ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ ń bẹ lọ́tọ̀, ohun tí ọwọ́ kọ ń bẹ lọ́tọ̀, àárín méjèèjì sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Wọ́n tún ní ọwọ́ náà la fi ń tẹ̀ka. Ìtẹ̀ka kì í ṣe ìkọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká ní ìdílé tí oyè kàn fa ọmọ oyè kan ṣoṣo kalẹ̀, tí àwọn afọbajẹ wá ní èyí tí ẹ fi sílẹ̀ nílé yẹn la fẹ́, tí wọ́n sì fi í jẹ. Àṣẹ yẹn ni ìlà òfìfo tó wà lórí ìwé ìdìbò fún olùdìbò.

Ìpínlẹ̀ South Carolina ní ọdún 1954 ló fi agbára ìbò àfọwọ́kọ hàn jù. Burnet Maybank, aṣòfin àgbà tí ẹgbẹ́ Democrat ti fà kalẹ̀ láti padà sípò, kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Òfin ní kí orúkọ olùdíje ti délẹ̀ ní 60 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò, ìyẹn ọjọ́ kẹta oṣù náà. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ láti ṣe ìdìbò abẹ́lé tuntun. Wọ́n dìbò láàárín ara wọn, 31 sí 18, wọ́n sì mú Edgar Brown, ògbóǹtarìgì aṣòfin ìpínlẹ̀ láti Barnwell. Nígbà yẹn, ìdìbò abẹ́lé Democrat ni ìdìbò gidi níbẹ̀. Republican kò tilẹ̀ fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ fún ipò yìí. Ìyẹn ni pé ènìyàn 31 ti yan aṣòfin fún odindi ìpínlẹ̀.

Inú bí aráàlú. Strom Thurmond, tó ti ṣe gómìnà láti 1947 sí 1951, jáde láti fi ìbò àfọwọ́kọ bá Brown du ipò náà, Gómìnà James Byrnes sì gbè sẹ́yìn rẹ̀. Thurmond ṣèlérí pé bí òun bá wọlé, òun yóò kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1956 kí ìdìbò abẹ́lé lè wáyé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ó ní ìbò 143,444, Brown ní 83,525. Ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ìbò àfọwọ́kọ na ẹni tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ láti wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ ní oṣù kẹrin 1956, ó sì padà wọlé láìsí alátakò.

Àmọ́ ẹ má ṣe pe èyí ní ìṣẹ́gun gbogbo aráàlú. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń dí lọ́wọ́ àtidìbò níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ló fipá ṣílẹ̀kùn ìdìbò abẹ́lé Democrat fún wọn ní 1947. Thurmond fúnra rẹ̀ ti díje fún ààrẹ ní 1948 lórí pé kí wọ́n má ṣe da dúdú pọ̀ mọ́ funfun.

Iṣẹ́ ńlá ni ìbò àfọwọ́kọ ń dá sílẹ̀. Olùdìbò gbọ́dọ̀ mọ orúkọ lórí, kó mọ̀ ọ́n kọ, kó sì kọ ọ́ sábẹ́ ipò tó tọ́. Bó bá kọ Thurmond tó tún fàmì sí Brown fún ipò kan náà, ìbò náà bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó pinnu bóyá "Thurmon" tàbí "S. Thurmond" ni ẹni náà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní kí olùdíje kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ka ìbò rẹ̀. Hawaii kò gbà á rárá, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì ti Hawaii lẹ́yìn ní 1992.

Ní Alaska ní 2010, Lisa Murkowski, aṣòfin àgbà tó wà lórí ipò, pàdánù ìdìbò abẹ́lé Republican fún Joe Miller, ó sì gba ọ̀nà yìí padà. Ìbò tí wọ́n fọwọ́ kọ fún un lé ní 100,000. Miller gbé e lọ sí kóòtù pé kí wọ́n da gbogbo èyí tí wọ́n ṣi lẹ́tà rẹ̀ kọ nù. Ilé ẹjọ́ gíga jù ní Alaska dáhùn pé bí èrò olùdìbò bá ti hàn, àṣìkọ kékeré kò ba ìbò jẹ́.