Aṣọ tí iṣan ìmọ̀lára wọ̀

Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ lójijì, ìrora méjì ló máa ń dé. Àkọ́kọ́ á ta bí abẹ́rẹ́, ẹni náà á sì mọ ojú ibi tó ti ń dùn ún gan-an. Kó tó mí kanlẹ̀, èkejì á dé, èyí tó ń gbóná, tó ń ro, tí kì í tètè lọ. Ìka ẹsẹ̀ kan náà ni méjèèjì ti gbéra, lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣan tó gbé wọn ni kò rí bákan náà: ti àkọ́kọ́ wọṣọ, ti èkejì wà ní ìhòòhò.

Iṣẹ́ mi ni láti máa fi máíkíróskópù wo ẹran ara tí dókítà bá gé ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ là ń pè ní iṣan, ohun tó so ẹran mọ́ egungun là ń pè ní iṣan. Ti ìmọ̀lára ni mo ń sọ níbí. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú osmium, kẹ́míkà tó ń sọ ọ̀rá di dúdú, tí a wá rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí àlùbọ́sà, òrùka dúdú kéékèèké ni a ó rí, wọ́n á tò jọ pitimu. Àárín òrùka kọ̀ọ̀kan ni fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn wà. Òrùka náà ni aṣọ rẹ̀, tí à ń pè ní máyélìn.

Wọ́n máa ń fi máyélìn wé rọ́bà ara wáyà iná. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ rọ́bà kò lẹ́mìí, máyélìn sì jẹ́ ara sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè. Sẹ́ẹ̀lì náà, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì Schwann, yóò tẹ́ ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, yóò ká ara rẹ̀ mọ́ fọ́nrán náà bí ẹni ká ẹní mọ́ ọ̀pá, ìpele lórí ìpele, yóò sì fún omi àárín wọn jáde títí yóò fi ku awọ ọlọ́ràá. Kò jọ òwú tí a fi ń di irun, tó ń yí gòkè. Ní 1954, Betty Ben Geren ní Amẹ́ríkà wo iṣan ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, ó sì rí bí kíká náà ṣe ń lọ.

Sẹ́ẹ̀lì kan kì í bò ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ. Àlàfo tóóró á wà kí ti ẹnìkejì tó bẹ̀rẹ̀, bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Louis Ranvier ti ilẹ̀ Faransé ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1871. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé aṣọ ti ya níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni agbára wà. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, ń gbà wọlé pọ̀ sí, tí iná ìròyìn ti ń tún ara rẹ̀ ràn. Lábẹ́ aṣọ, kò lè jò dànù, yóò kàn sáré kọjá ni. Fọ́nrán tó nípọn, tó sì wọṣọ dáadáa, lè gbé ìròyìn dé 120 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti oníhòòhò, nǹkan bíi mítà kan ni. Aṣọ ti ìrora àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, kò yá tó ti àgbà wọn, síbẹ̀ ó fi èkejì sílẹ̀ jìnnà.

Ohun tó wà láàyè lè ṣàìsàn. Inú sẹ́ẹ̀lì Schwann ni kòkòrò ẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn láti gbé, ìdí nìyẹn tí iná fi lè jó aláìsàn náà kó má mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ojú ara tó mọ́ ju ìyókù lọ, tí kò sì mọ ìfọwọ́kàn, ẹ má fi ìpara bò ó. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Oògùn ẹ̀tẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bí fọ́nrán inú kò bá tíì kú, sẹ́ẹ̀lì Schwann lè bí sí i, kí wọ́n tún aṣọ ká. Mo máa ń dá èyí tí wọ́n tún ká mọ̀: ó fẹ́lẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn àlàfo rẹ̀ sì sún mọ́ra, nítorí ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo dá bò tẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mélòó kan ló pín in báyìí.