FPGA kì í ka kóòdù o

Wọ́n á ní kóòdù ló ń ṣiṣẹ́ nínú FPGA, ìyẹn chip tí wọ́n lè tún inú ẹ̀ tò lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é tán, pé ó ń kà á lọ láìnì-láìnì bíi ti kọ̀ǹpútà. Irọ́ ni jàre. Èdè Verilog tàbí VHDL tí wọ́n ń kọ fún un, ṣe ló ń sọ bí wáyà inú chip ṣe máa so mọ́ra, tí wọ́n bá sì ti gbé e wọlé tán, chip yẹn fúnra ẹ̀ ti di nǹkan míì nìyẹn.

Èyí tó dùn jù nínú ẹ̀ ni pé ibi tó ń ronú gan-an ò mọ ìṣirò kankan. LUT (lookup table, tábìlì ìdáhùn) ni wọ́n ń pè é. Ká ní wáyà 4 ló wọnú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 àbí 1, gbogbo bí wọ́n ṣe lè tò ò ju 16 lọ, ihò kéékèèké 16 ló wá wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ ìdáhùn sí sílẹ̀. Báwọn wáyà yẹn bá ṣe tò, ihò tó bá a mu ló máa wò, á gbé tibẹ̀ jáde, ó tán. Ẹ pààrọ̀ ohun tó wà nínú àwọn ihò yẹn, AND (tó ń fẹ́ kí gbogbo wáyà jẹ́ 1) ti di OR (tí ẹyọ kan tó jẹ́ 1 ti tó fún). XC2064, FPGA tí ilé-iṣẹ́ Xilinx gbé jáde lọ́dún 1985, búlọ́ọ̀kù 64 péré tí LUT wà nínú wọn ló ní, àwọn ńlá tòde òní ti ní LUT tó lé ní mílíọ̀nù kan.

ASIC, ìyẹn chip tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, ńkọ́? Ẹ wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada n'Ílọrin níbí. Tẹ́nu ìkòkò bá wọ́ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, wọ́n á pò ó padà, wọ́n á tún un mọ. Tí wọ́n bá ti sun ún, ó wọ́ náà nìyẹn. ASIC ni wọ́n ti sun: mask ẹ̀, ìyẹn àwòṣe tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán inú chip, lè tó mílíọ̀nù dọ́là, àṣìṣe kan péré lè jẹ́ kí wọ́n tún òmíì gé. Àmọ́ ìkòkò tó jiná ló ń gbomi dúró. Tútù ni FPGA, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé tíná bá ti lọ, gbogbo ohun tí wọ́n mọ ti yọ́ dànù, àfi kí mẹ́mórì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tún un sọ fún un tíná bá dé, kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni tó ń lò ó láìsí invẹ́tà.

Ibi tó kù sí ni pé wáyà àti swíìṣì tó so àwọn LUT pọ̀ ló gba ilẹ̀ jù nínú chip, ìdí nìyẹn tó fi lọ́ra ju ASIC lọ, tó sì ń jẹ iná. Fún fóònù tí wọ́n fẹ́ ṣe ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, kò bójú mu. Ṣùgbọ́n kẹ́nì kan má pè é ní ASIC tálákà o, torí àwọn ilé-iṣẹ́ olówó tó ń ṣe ASIC gan-an, orí FPGA ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ dán an wò kí wọ́n tó náwó mask.