Bíà dúdú tó kan kò fi dandan bàjẹ́

Bí stout bá kan lẹ́nu, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé, "Ọtí yìí ti bàjẹ́." Wọn á dá a padà fún ẹni tó tà á fún wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn stout kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni apọntí mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n pamọ́ sínú àgbá igi kí wọ́n lè kan, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi gbówó lórí.

Ta ló ń da ògì nù torí pé ó kan? Bakitéríà tó ń jẹ́ Lactobacillus àtàwọn ìbátan rẹ̀ tó ń mú ògì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú bíà yìí: wọ́n ń jẹ ṣúgà tó ṣẹ́ kù, wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì. Ìwúkàrà kan tó ń jẹ́ Brettanomyces sábà máa ń bá wọn gbé inú igi àgbá. Òun kì í kánjú rárá. Ó lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́. Niels Hjelte Claussen ti ilé ìpọntí Carlsberg ní Denmark ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1904. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìwúkàrà yìí ló ń fún bíà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú pẹ́ ní adùn tó yàtọ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́, porter, tí í ṣe baba stout, máa ń lo ọ̀pọ̀ oṣù nínú àgbá onígi ràbàtà. Àwọn àgbá náà tóbi débi pé nígbà tí ọ̀kan bẹ́ nílé ìpọntí Meux ní October 17, 1814, àgbàrá bíà wó ilé, ó sì pa èèyàn 8. Ó máa ń jọ àwàdà létí, àmọ́ àwọn tálákà inú ilé abẹ́ ilẹ̀ ló lọ sí i. Bíà tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má kan. Wọ́n á da tuntun pọ̀ mọ́ ọn, àwọn oníbàárà á sì mu ún láìjanpata.

Bíà ń bàjẹ́ lóòótọ́ o. Goose Island ní Chicago dá owó padà fún àwọn tó ra díẹ̀ lára ọtí inú àgbá wọn ti 2015, Bourbon County, torí Lactobacillus kan tó wọ ibẹ̀ láìpè. Ọtí aládùn ni wọ́n fẹ́ tà, kíkan ò sí nínú àdéhùn.

Kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó wà níwájú yín, ẹ má jẹ́ kó tutù nini, torí òtútù máa ń bo òórùn mọ́lẹ̀. Nǹkan bíi 12 °C dáa. Ẹ da díẹ̀ sínú gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ fún, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn èso ṣẹ́rì, ṣokoléètì tàbí fànílà tó ti ara igi óákù wá ò burú. Òórùn awọ bàtà gan-an ò burú, iṣẹ́ Brettanomyces ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ fínígà ló ta yín nímú, tàbí òórùn ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà kúrò léèékánná, afẹ́fẹ́ ti wọ àgbá jù. Èyí tó ń run bíi páálí tó rin ti gbó.

Ohun míì tún wà tó ń tan èèyàn jẹ. Ìkorò ọkà báálì tí wọ́n yan dúdú kì í fẹ́ràn kíkan, bí méjèèjì bá sì pọ̀ jù, ahọ́n á gbẹ. Apọntí tó bá gbọ́n á dín ọkà yíyan kù, á dín họ́ọ̀pù, ìyẹn òdòdó tó ń mú bíà korò, náà kù, torí họ́ọ̀pù kì í jẹ́ kí bakitéríà wọ̀nyí gbèrú. Ilé ìpọntí The Bruery ní Kalifóníà ti ṣe ọ̀kan, Tart of Darkness, tẹ́ ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá kan èyí tí ìkorò àti kíkan ti ń jà lẹ́nu yín, apọntí ni kẹ́ ẹ bá wí.