Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeé tún lò

Iná inú ẹ̀ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá máa ń gbóná kọjá 3,000 °C. Bàbà tí wọ́n sábà ń lò fún ògiri yàrá tí iná náà ti ń jó sì rèé, 1,085 °C ló ti ń yọ́. Epo fúnra rẹ̀ ló ń gba ògiri yìí sílẹ̀. Wọ́n á la ojú ọ̀nà tín-ín-rín sínú rẹ̀, epo tútù á gba ibẹ̀ kọjá kó tó wọlé lọ jó, á sì máa kó ooru lọ bó ṣe ń kọjá, bí omi ṣe ń gba ìkòkò lọ́wọ́ iná.

Fún rọ́kẹ́ẹ̀tì àlòsọnù, ìyẹn ti tó. Èyí tó máa padà wá ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tàn án, ògiri á wú; bí wọ́n bá pa á, á sún kì. Àwítúnwí èyí ló ń mú kó sán. Kẹrosíìnì tún máa ń fi ẹ̀fín dúdú lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ńjìnnì, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ńjìnnì Raptor ti iléeṣẹ́ SpaceX àti BE-4 ti iléeṣẹ́ Blue Origin fi ń lo mẹ́téènì, tí ẹ̀fín rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó ń ti epo àti ọ́síjìn wọ inú yàrá iná ló le jù. Nínú RS-25, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ Space Shuttle, pọ́ǹpù háídrójìn máa ń yí nǹkan bí ìgbà 35,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gáàsì tí háídrójìn pọ̀ nínú rẹ̀ ló tún ń yí pọ́ǹpù ọ́síjìn, gáàsì híílíọ̀mù ni wọ́n sì fi ń ya gáàsì yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́síjìn. Bí wọ́n bá pàdé níbẹ̀, ó di ìbúgbàù.

Raptor yanjú èyí lọ́nà tó wúni lórí. Gáàsì tí mẹ́téènì pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń yí pọ́ǹpù mẹ́téènì, èyí tí ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń yí ti ọ́síjìn, nítorí náà, bí nǹkan bá jò, ara rẹ̀ ló máa bá pàdé. Gbogbo epo àti ọ́síjìn ló ń gba inú tọ́báìnì, ìyẹn àgbá tí gáàsì ń yí kó lè yí pọ́ǹpù, kọjá; bí gáàsì ṣe pọ̀ tó yẹn, kò nílò kó gbóná púpọ̀ kó tó lágbára, tọ́báìnì á sì pẹ́. Ọ́síjìn gbígbóná ló jẹ́ ewu ibẹ̀, torí ó lè sun irin. Soviet dán irú ẹ̀ńjìnnì yìí, RD-270, wò nílẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, kò fò rí. Raptor ló kọ́kọ́ fò, lọ́dún 2019.

Bíbalẹ̀ náà tún ní tirẹ̀. Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo epo rẹ̀ tán máa ń fúyẹ́ débi pé ẹ̀ńjìnnì kan ṣoṣo, bí wọ́n tilẹ̀ dín agbára rẹ̀ kù dé ìsàlẹ̀, ṣì lágbára ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Kò lè rọra dúró lófuurufú. Ó gbọ́dọ̀ tàn nígbà tó ṣì ń já bọ̀, kó sì kú gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀. Bí ó bá ti tètè dúró lókè tí iná kò tíì kú, á tún gbéra padà sókè.